Ìgò Kòkòrò

Kí n tó mọ fáìlì, obì ni mo mọ̀.
Ìyá mi àgbà, Ẹfúnyẹmí, a jókòó ti apẹ̀rẹ̀ láfẹ̀mọ́jú,
a gbé obì lé àtẹ́lẹwọ́, kò ní wò ó.
"Èyí fúyẹ́," á ní, á jù ú sápá kan.
Bí mo bá là á, ihò ni,
kòkòrò á sì jókòó sínú rẹ̀ bí onílé.

Ara obì yẹn ń dán. Kò lápàá kankan.
Mo ní ta ló sọ fún un?
Ó nawọ́ sókè àjà, ó gbé ìgò fasilíìnì kan sílẹ̀,
òkú kòkòrò kún un dẹ́nu:
dúdú, pupa rúsúrúsú, ẹlẹ́nu ṣóńṣó,
èyí tí Bàbá Ṣówùnmí mú wá láti Ìpẹ́rù,
èyí tí wọ́n bá nínú ẹrù tó ń lọ sí Kánò.
"Bí o ò bá tọ́jú òkú ọ̀tá,
báwo ni wàá ṣe dá ọmọ rẹ̀ mọ̀?"

Lónìí mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábó, ní Ṣágámù,
ibi tí òórùn obì ti ń wọ inú kọ̀ǹpútà tí mo bá tú.
Aṣọ́bodè tí mo fi sínú wọn kì í bi fáìlì ní orúkọ.
Ìtẹ̀ka ló ń gbà,
nọ́ńbà gígùn kan, á fi wé ìwé àwọn ọ̀daràn.
Ó bára mu? Àtìmọ́lé.
Ṣùgbọ́n yí lẹ́tà kan péré padà nínú olè yẹn,
ìtẹ̀ka rẹ̀ ti di ti àlejò.
Ìyẹn ló fi tún ń tọwọ́ bọ eegun,
ó ń wá ìlà tí ọmọ ìyá kan náà ń jogún
bí wọ́n tilẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀wù nígbà ogún.
Èyí tó bá sì di ara rẹ̀ ní ìdì tí ojú ò wọ̀,
a ó tì í mọ́ inú kọ̀ǹpútà àfarawé, tí kò lẹ́bí, tí kò lówó,
a ó ní, ó yá, ṣe bí o ṣe ń ṣe.
Òmíràn á máa ti ilẹ̀kùn kiri, á máa béèrè owó ìtúsílẹ̀.
Òmíràn á kàn sùn.
Ó ti gbọ́ òórùn wa.

Mi ò ní purọ́, aṣọ́bodè náà ń ṣìnà.
Ó mú ètò kékeré tí mo fọwọ́ ara mi kọ
láti máa ka apẹ̀rẹ̀ obì.
Èmi fúnra mi ni mo lọ gba béèlì rẹ̀.

Lóṣù Ọ̀wàrà, Odùsànyà, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn alóbì,
gbé kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wá, òógùn bò ó.
Rísíìtì kan ló ṣí nínú í-méèlì.
Àkọsílẹ̀ owó ọdún méjì ti di gbọ́ńgbọ́n, kò ṣeé kà.
Mo bi aṣọ́bodè.
Ó ní, "Kò séwu."

Tuntun ni. Kò tíì sí nínú ìgò ẹnikẹ́ni.

Mo já íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo wá a títí mo fi rí i,
kékeré, kò tó àwòrán ìkómọ kan.
Mo dì í, mo fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í
kó má baà ta ẹnikẹ́ni lọ́nà,
mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tí kò ní mọ Ṣágámù láéláé,
àwọn tó ń dẹ pàkúté lójú òpó, tó ń fi kọ̀ǹpútà òfìfo ṣe ìjẹ.
Ọjọ́ kẹrin, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: lẹ́tà mẹ́ta, nọ́ńbà márùn-ún.
Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n mú àbúrò rẹ̀ ní Òde Rẹ́mọ,
lẹ́nu ọ̀nà, kó tó bu nǹkan jẹ.

Owó ẹgbẹ́ ò padà. Àwọn ìyá jókòó,
wọ́n ń fi orí ka ọdún méjì fún Odùsànyà,
ó ń fi bírò kọ ọ́.

Mo ròyìn fún Ẹfúnyẹmí. Ojú rẹ̀ ti fọ́ báyìí,
obì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wọ̀n ọ́n.
Ó dákẹ́ pẹ́.
"Ìgò yẹn," ó ní,
"ṣé o dé e dáadáa?"